Omi Tútù Kò Yẹ Ẹyin Adìẹ

Ìlua jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Òkè-Ògùn tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kájọlà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú àgbẹ̀ yòókù ní agbègbè náà, adìẹ a máa jẹ̀ kiri agboolé ní ọ̀sán, a sì máa yé sí ibi tí ó bá wù ú: ìdí àká, ẹ̀yìn igi ìdáná, tàbí igun ilé ìdáná. Nígbà tí ẹyin bá pọ̀ tó títà, ẹni tí ó ni ín a fẹ́ kí ó mọ́ lójú oníbàárà. Bí ó bá wá da gbogbo rẹ̀ sínú igbá omi, tí ó sì fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ẹyin náà yóò wu ènìyàn lọ́jọ́ náà; ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí òmíràn nínú rẹ̀ yóò fi máa rùn. Ooru ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń di ẹ̀bi irú àdánù bẹ́ẹ̀ rù. Òótọ́ ni pé ooru ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí ni ó wà lára èèpo ẹyin, nítorí pé òròmọdìẹ tí yóò dàgbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mí. Bí adìẹ bá ti ń yé ẹyin, ohun kan tí ó fẹ́lẹ́ bí awọ a bò ó, a gbẹ láìpẹ́, a sì dí ẹnu àwọn ihò náà kí kòkòrò àrùn má baà rí ọ̀nà wọlé. Ààbò yìí ni kànrìnkàn ń bó dànù. Bí omi bá sì tún tutù ju ẹyin lọ, ohun tí ó wà nínú ẹyin a súnkì, a sì fa omi ìdọ̀tí gba inú ihò wọlé. Kòkòrò àrùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Salmonella lè bá irú omi bẹ́ẹ̀ wọlé. Òun a máa fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, ewu rẹ̀ sì pọ̀ fún ọmọdé, aboyún àti arúgbó. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni po ẹyin tútù mọ́ mílíìkì fún ọmọ nítorí àtilágbára.

Àwọn kan a máa sọ pé ní Amẹ́ríkà, fífọ ni wọ́n ń fọ ẹyin kí wọ́n tó tà á. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n omi tí ó gbóná ju ẹyin lọ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọn a gbẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a sì wà nínú òtútù títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kí wọ́n fọ ẹyin tí wọn yóò tà gẹ́gẹ́ bí ojúlówó. Ẹni tí ó bá fọ ẹyin bí ará Amẹ́ríkà, tí kò sì ní fíríìjì tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ti pàdánù níhà méjèèjì.

Ibi ìyé ni ìmọ́tótó ẹyin ti ń bẹ̀rẹ̀. Koríko gbígbẹ nínú apẹ̀rẹ̀ àtijọ́ tó adìẹ, bí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá dọ̀tí. Kí wọ́n máa kó ẹyin láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Èyí ṣe pàtàkì níbi tí àkùkọ bá wà, nítorí ooru oṣù Kẹta ní Òkè-Ògùn tó láti mú kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà nínú ẹyin, bí adìẹ kò tilẹ̀ sàba lé e. Okùn ẹ̀jẹ̀ ni oníbàárà yóò sì bá níbẹ̀. Ẹyin kan tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kí adìẹ má baà kọ ìtẹ́, kí wọ́n fi èédú sàmì sí i, kí ó má baà bá àwọn tuntun lọ sí ọjà.

Erùpẹ̀ tàbí ìgbẹ́ díẹ̀ tí ó bá wà lára ẹyin, aṣọ gbígbẹ tí ó ṣe gbágbágbá tó láti nù ún kúrò. Èyí tí ó dọ̀tí jù kì í ṣe ti ọjà. Kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, láìrẹ ẹ́ sínú omi, kí wọ́n sì sè é dáadáa lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni ti ẹyin tí wọ́n bá fi omi dán wò. Èyí tí ó sùn sí ìsàlẹ̀ àwo jẹ́ tuntun, èyí tí ó nàró ti ń gbó, èyí tí ó bá sì léfòó ni kí wọ́n dànù. Ṣùgbọ́n kí èyí tí ó dára pàápàá má padà sínú apẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìpamọ́, kí ẹnu ẹyin tí ó ṣe ṣóńṣó kọjú sí ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà ní ìdí tí ó tóbi. Kí ó jìnnà sí ààrò, àlùbọ́sà àti epo bẹntiróòlù, nítorí ẹyin a máa gba òórùn. Òróró díẹ̀ tí wọ́n bá fi pa á lára lọ́jọ́ tí adìẹ yé e yóò dí àwọn ihò náà, yóò sì jẹ́ kí ó pẹ́ sí i. Ẹyin tí wọn yóò fún adìẹ sàba kò gbọdọ̀ rí òróró rárá, nítorí òròmọdìẹ kò ní lè mí.

Níbi tí fíríìjì kò sí, ìkòkò amọ̀ méjì lè ṣe ìrànlọ́wọ́. Olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, ni ó mú ọgbọ́n yìí gbajúmọ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ìkòkò kékeré ni wọn yóò gbé sínú ńlá, wọn yóò da iyanrìn tútù sí àárín wọn, wọn yóò sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi ti ń gbẹ kúrò lára ìkòkò, inú rẹ̀ yóò máa tutù. Kí apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí wà lábẹ́ ẹyin, kí ara rẹ̀ má baà rin. Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ jùlọ. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, ìwọ̀nba ni ó lè ṣe, ó sì sàn kí wọ́n tètè tà.