Báwo la ṣe lè gbé Àgbákò dé inú fíìmù?

Ọmọ ilé-ìwé kan níbí ní Ìrẹsà bi mí pé kí ló dé tí àwọn òyìnbó fi Dune ṣe fíìmù ńlá ńlá, tí òun kò sì tíì rí irú ẹ̀ tí wọ́n fi ìwé Fágúnwà ṣe. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ sáyẹ́ǹsì inú ẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Frank Herbert tẹ Dune jáde ní 1965. Ní 1984, David Lynch rún gbogbo ẹ̀ mọ́ inú fíìmù oníṣẹ́jú 137. Ẹni tí kò bá ti ka ìwé náà tẹ́lẹ̀, ó ṣòro kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Denis Villeneuve ní tiẹ̀ gé e sí méjì, ọ̀kan jáde ní 2021, èkejì ní 2024. Tí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, ìṣẹ́jú 321 ni. Ìwé kan ṣoṣo o! Ohun tó fà á ni pé òǹkọ̀wé lè fi gbólóhùn kan sọ pé ẹ̀dá kan ga bí òkè, ọpọlọ òǹkàwé á sì parí iṣẹ́ yòókù lọ́fẹ̀ẹ́. Kámẹ́rà ò mọ ọ̀fẹ́.

Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ìwé Amos Tutùọlá ṣe eré orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963, ọgbọ́n tó dá ni pé ó sọ ìrìnàjò ọ̀mùtí náà di àlá. Lórí ìtàgé, ìyẹn tó. Nínú fíìmù, ojú wa máa ń fẹ́ rí i kedere.

Ó wá ku Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Ká sọ pé a fẹ́ kó ga ju ènìyàn lọ nígbà mẹ́rin. A wọ òṣèré láṣọ, a gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀, síbẹ̀ á ṣì dà bí ènìyàn tó wọ aṣọ iwin. Ìrìn ẹ̀ ló ń tú u láṣìírí.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ jẹ́ kí máńgòrò kan já bọ́ láti orí mítà 1: á dé ilẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá (0.45). Ẹ gbé e lọ sí mítà 4, á gbà á ní 0.9. Gíga di ìlọ́po mẹ́rin, àkókò di ìlọ́po méjì péré. Nítorí náà, apá tàbí ẹsẹ̀ òmìrán tó ga nígbà mẹ́rin gbọ́dọ̀ máa rọra wálẹ̀, kó lo ìlọ́po méjì àkókò tiwa. Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń fi hàn wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá ya 48, tí a wá fi í hàn ní 24, òṣèré náà á wúwo lójú wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fóònù tó ní slow motion lè ṣe é. A ti dán an wò níbí, àwọn ọmọ pariwo!

Ẹ má kàn da omi sí i o. Ẹ̀kán omi kì í kéré torí pé a kọ́ odò kékeré fún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ ti ń já.

Ẹni tó bá ní a ò ní ibi tí a ó ti ya á, kó wo Igbójàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, níbi tí Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé fíìmù sí. Ibẹ̀ ló ti ya Aníkúlápó tó jáde ní 2022, ó sì sọ ọ́ di eré alápá púpọ̀ ní 2024.

Tó bá jẹ́ èmi ni, apá mẹ́ta ni màá ṣe, torí Àkàrà-ògùn wọ Igbó Irúnmalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wá lọ sí Òkè Lángbòdó. Èdè ló máa le jù. Gbólóhùn Fágúnwà gùn débi pé òṣèré lè sọ èémí nù lágbedeméjì, bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá gé e kúrú jù, kì í ṣe Fágúnwà mọ́.