Bí A Bá Rán Ayàwòrán Níṣẹ́

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí bá ayàwòrán inú ìwé mu ju ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lọ, nítorí pé ẹni tí a rán níṣẹ́ gan-an ni: òǹkọ̀wé ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, òǹtẹ̀wé ti sọ iye àwòrán tó fẹ́, ohun tó sì kù fún ayàwòrán ni kí ó jẹ́ kí ojú òǹkàwé rí ohun tí ọ̀rọ̀ nìkan kò lè fi hàn án. Ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹ bí ẹrú yóò jókòó sí yàrá, yóò sì da àwòrán ẹlòmíràn kọ láti orí fóònù; ẹni tó fẹ́ fi tọmọ jẹ́ ẹ yóò gbé bébà àti ọ̀dà rẹ̀ lọ síbi tí nǹkan náà wà, yóò sì yà á lójúkorojú, èyí tí a lè pè ní àwòrán ìta gbangba.

Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Bí òǹtẹ̀wé bá béèrè àwòrán ìbejì, ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí yóò ya ojú kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò wọ aṣọ kan náà fún wọn, yóò sì rò pé iṣẹ́ parí. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí tí dókítà Patrick Nylander ṣe ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ níbẹ̀, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ti ìbejì, èyí tó pọ̀ jù nínú ìbejì Yorùbá sì wá láti inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò fi di dandan kí wọ́n jọra ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ, tí ọ̀kan sì lè jẹ́ ọkùnrin kí èkejì jẹ́ obìnrin. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: ẹni tó bá jókòó sí ọjà láti wo àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò rí i pé bí ọ̀kan ṣe ń wojú èkejì kó tó dáhùn ló ń fi wọ́n hàn ní ìbejì, ju imú àti ètè lọ.

Ìta gbangba ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, eruku a máa sọ òkè Ìdèrè àti òkè Ẹ̀rúwà, ní agbègbè Igbó-Ọrà, di aláwọ̀ eérú lọ́nà jíjìn, ẹni tó bá sì kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé tútù kìkì nítorí pé ó mọ̀ pé igi wà níbẹ̀, ohun tó mọ̀ ló yà, kò ya ohun tó rí. Òòrùn kì í dúró de ayàwòrán, nítorí náà ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí etí òjìji, kí ó má sì lé e kiri mọ́ bí ó bá sún. Agboòrùn funfun tàbí dúdú ló dára. Pupa àti búlúù a máa da àwọ̀ tiwọn sórí bébà, àṣìṣe náà kì í sì í hàn àfi nílé. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣí àpótí ọ̀dà rárá, kí ó kọ́kọ́ kí olóko kú iṣẹ́, kí ó sì sọ ohun tó bá wá, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àlejò máa wo oko òun kó máa kọ nǹkan sínú ìwé. Bí ó bá sì jẹ́ ojúbọ, tí aláṣẹ ibẹ̀ ní rárá, kí ó fi í sílẹ̀.

Ìwé ìtàn àròsọ pàápàá nílò irú ìrìn yìí. Nígbà tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀. Irúnmọlẹ̀ kò ní jókòó fún ayàwòrán, ṣùgbọ́n gbòǹgbò, èèpo igi àti àpò ọdẹ tí irú ìran bẹ́ẹ̀ dúró lé wà ní oko Ayétẹ̀ àti Tápà, ní agbègbè kan náà.

Ní ti owó, Akínọlá Láṣekàn ará Ọ̀wọ̀, tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ olóṣèlú fún ìwé ìròyìn West African Pilot ní àwọn ọdún 1940, tún ń kun àwòrán, ó sì ń kọ́ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo kì í sábà tó bọ́ ayàwòrán. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 sì fi ẹ̀tọ́ náà, ìyẹn àṣẹ láti pinnu ẹni tó lè tẹ àwòrán jáde, sọ́wọ́ ayàwòrán tí òǹtẹ̀wé gbéṣẹ́ fún tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, ó sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà, kí ìwé àdéhùn pẹ̀lú òǹtẹ̀wé tó di bíbuwọ́lù, kí ayàwòrán rí i pé ó sọ iye àsansílẹ̀, ìgbà mélòó ni wọn yóò ní kí ó tún un ṣe, ìtẹ̀jáde tí àwòrán náà wà fún, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí bébà gan-an yóò wà. Ẹni tó bá ra bébà náà láti gbé e kọ́ ògiri kò tíì ra àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́.