Ọgbọ́n Ríra Ọkọ̀: Kí Owó Wa Má Baà Ṣòfò

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin ọ̀wọ́n, ẹ̀kọ́ wa ti ìdá mẹ́rin ọdún yìí kì í ṣe lórí oúnjẹ sísè tàbí ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ríra ni. A ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú wa pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn wọlé sínú ọkọ̀ tí kò rìn ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, tó wá gba àjẹmọ́nú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbo ni yóò ti rí òmíràn bí ti àkọ́kọ́ bá ṣòfò? Ìdí nìyí tí a fi ní kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí.

Oríṣi mẹ́ta ni ọkọ̀ tó wà lọ́jà wa. Tia-rọ́bà ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ wa lọ, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni èyí tí wọ́n ti lò lókè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. (Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a gbé fún ọkọ̀, ọmọ ṣì sàn, nítorí a mọ ìyá tó bí i.) Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ti lò níhìn-ín. Ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀kẹta yìí. Ọkọ̀ tí ẹni tí a mọ̀ ń lò, tí a lè bi mẹkáníìkì rẹ̀ léèrè ohun tó ti ṣe é, lè dára ju tòkunbọ̀ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ lọ.

Ilé ni ọkọ̀ ríra ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò máa wà á? Ibo ni yóò máa lọ? Bí ó bá jẹ́ ilé sí ọjà àti ilé sí ibi iṣẹ́ ni, kí ni a fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ńlá ṣe? Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ni ọ̀pọ̀ Toyota Corolla ń gbé kiri. Ti ọ̀pọ̀ Highlander oní-V6 jẹ́ lítà 3.5. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, gbogbo wa la mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn ń sọ fún àpò. Kí a tún rí i pé sípía páàtì rẹ̀ wà ní Ládípọ̀ tàbí ní ìlú wa, kí mẹkáníìkì àdúgbò sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ọkọ̀ ńlá tí a rí rà ní pọ́ọ́kú, tí páàtì rẹ̀ wọ́n bí ojú, kì í ṣe ọ̀pọ̀.

Bí a bá sì mú owó jọ, kí a má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lé ọkọ̀ lórí. Nínú náírà márùn-ún, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà nílẹ̀ fún ọ́ìlì, bírékì, táyà, bátìrì àti ìwé. Ìbánigbófò tí òfin pàṣẹ fún ọkọ̀ aládàáni nìkan, láti ₦5,000 ni wọ́n ti gbé e sí ₦15,000 ní January 2023.

Bí a óò bá yá owó kún un, ìbéèrè kan wà tí a gbọ́dọ̀ bi ayánilówó: ṣé orí gbogbo owó tí a yá ni èlé yóò dúró lé títí dé òpin, àbí orí èyí tó kù nìkan? Ká ní a yá ₦2,000,000 fún ọdún méjì, tí èlé jẹ́ 20 nínú 100 lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, èlé náà yóò jẹ́ ₦800,000, bẹ́ẹ̀ a ti ń dá owó padà láti oṣù kìíní. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, tí a ń san iye kan náà lóṣooṣù, gbogbo èlé yóò jẹ́ nǹkan bí ₦443,000. 20 kan náà ni wọ́n sì kọ sínú ìwé méjèèjì o! Kódà bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa ni, ẹ béèrè.

Ó kù ọjọ́ àyẹ̀wò. Kí a mú mẹkáníìkì tiwa lọ, kì í ṣe èyí tí olùtà bá wa pè. Kí a san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ìbáà ra ọkọ̀ náà tàbí a kò rà á, kí ó má baà máa retí owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ olùtà. Òwúrọ̀ ni kí a lọ, kí òjò má máa rọ̀, nítorí omi máa ń bo àbùkù ọ̀dà mọ́lẹ̀. Kí a fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti gbóná kí a tó dé, wọ́n ti ṣáná sí i sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kì í fẹ́ jí ní òtútù máa ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ bí ó bá ti gbóná.

Kí mẹkáníìkì yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná iwájú awakọ̀ ti ń tàn, kí ó má tíì ṣáná. Iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn nígbà náà, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá jí. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí a má baà rí àṣírí. Kí a wo èéfín. Bí ó bá dà bí aró, ọkọ̀ ń jẹ ọ́ìlì. Bí ó bá funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Bí ó bá dúdú, epo ń ṣòfò. Kí a ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá funfun bí ògì, ẹ jẹ́ kí a máa lọ sílé. Bí wọ́n bá ní máìlì ọkọ̀ kò ju 30,000 lọ, tí rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ bírékì sì ti jẹ tán, èwo ni ká gbà gbọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà pẹ̀lú: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà a máa gbó bí kò tilẹ̀ tíì jẹ.

Ọkọ̀ tó mu omi ni ó burú jù. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní New Orleans ní 2005, àti nígbà tí Harvey jà ní Houston ní 2017, àìmọye ọkọ̀ ló rì sínú omi. Irú wọn ni wọ́n máa ń fi gbàǹjo tà, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń kùn, tí wọ́n sì ń kó sọdá òkun. Kí a fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, kí a wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí a gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Bí lọ́fínńdà inú ọkọ̀ bá pọ̀ jù, kí a bi ara wa pé òórùn kí ni wọ́n ń bò.

Ọkọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, àmì 17, lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún: A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í lo I, nítorí náà H ni 2017, J sì ni 2018. Bí olùtà bá ní 2015 ni, tí àmì náà jẹ́ C, 2012 ni. Àwọn ọmọ wa lè fi nọ́ńbà yìí gba ìtàn ọkọ̀ náà lọ́dọ̀ Carfax. Owó díẹ̀ ni, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Kí a béèrè ìwé aṣọ́bodè. Láti January 1, 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tó gba Kùtọnu wọlé lóru lè pọ́ọ́kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá bá a ni wọ́n ti ń gbà á.

Ní ti ìdúnàádúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ léèsì lọ. Kí a ti mọ iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí a má sì yin ọkọ̀ náà lójú olùtà. Gbogbo àbùkù tí mẹkáníìkì rí, kí a kọ iye àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀, kí a yọ ọ́ nínú owó. Bí wọ́n bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e lọ́la, kí a kí i pé ó kú orí ire.

Ó ku ohun kan tí a kò fẹ́ fò. Orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé? Ọ̀pọ̀ obìnrin ló dá owó ọkọ̀, tí orúkọ ọkọ tàbí ti ọmọkùnrin wà lórí ìwé, a sì mọ ohun tí àwọn ẹbí lè ṣe lọ́jọ́ tí bàbá bá kú. A kò ní kí ẹnikẹ́ni bá olówó orí rẹ̀ jà. Ẹni tó san owó ni kí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì àti lórí ìwé ọkọ̀. Bí ẹni méjì bá pawọ́pọ̀ san án, kí orúkọ méjèèjì wà lórí ìwé àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Báńkì ni kí owó gbà kọjá, sí orúkọ ẹni tó ta ọkọ̀ gan-an. Kí a sì bójú tó o kí wọ́n tó tẹ ìwé jáde, nítorí pípààrọ̀ orúkọ lẹ́yìn náà ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.