Egungun Kẹ̀kẹ́ Ni Kí Ẹ Fi Owó Rà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, àti ẹ̀yin tí ojú yín ti kọjá Sẹ̀mẹ̀ tó ń wo Lomé, mo mọ̀ pé owó ọwọ́ yín kò ká kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n dìídì ṣe fún ìrìn àjò. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń wá wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, eruku ti bò ó, àwọn oníbàárà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ bá èyí tó ń dán. Mountain bike onírin ni, èyí tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1985 sí 1998, tí fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ kò ní sípíríǹgì.

Mo nídìí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àwọn ọdún yẹn. Ní 1981 ni Specialized ti Kalifóníà gbé Stumpjumper jáde, tí mountain bike sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà gbogbo ènìyàn. Òkè olókùúta ni wọ́n ń rò. Wọ́n fa ẹ̀yìn férémù gùn, wọ́n fún un ní táyà tó sanra, wọ́n fún un ní jíà tó máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè gun òkè láìsọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù rìnrìn àjò náà ń wá nìyẹn. Nígbà tó yá, fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì dé, alumíníọ́mù dé, àwọn òyìnbó sì ti èyí onírin sí kọ̀rọ̀ gáréèjì. Ibẹ̀ ló ti ń wọ kọ̀ǹténà wá bá wa. Bí ẹ bá rí Trek 930, 950 tàbí 970 tí wọ́n ṣe ní Waterloo, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, tàbí Rockhopper àtijọ́, ẹ dúró tì í.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí orúkọ sanwó. Ẹ mú òòfà kékeré dání; alumíníọ́mù kì í gbá òòfà mú. Ẹ wá wo bébà ara férémù bóyá wọ́n kọ Cr-Mo, 4130, Tange, True Temper tàbí Reynolds síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Hi-Ten ni wọ́n kọ, irin gidi náà ni, àmọ́ ó wúwo, òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè á sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí bébà bá ti bó ńkọ́? Ẹ tú irin tó gbé ìjókòó dúró, ẹ fà á yọ, ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Tó bá wà láàárín 26.6 sí 27.2, páìpù tí wọ́n fi ṣe férémù sábà máa ń fẹ́lẹ́, á sì lágbára. Tó bá jẹ́ 25.4, páìpù tó nípọn tó sì wúwo ni.

Fífà tí ẹ fà á yọ yẹn tún ṣe iṣẹ́ kejì. Bí irin ìjókòó bá kọ̀ tí kò mira, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Òjò àti iyọ̀ ti lẹ irin ìjókòó, tó sábà máa ń jẹ́ alumíníọ́mù, mọ́ irin férémù nínú páìpù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ayùn nìkan ló ń yanjú rẹ̀. Bó bá jáde, ẹ fi iná fóònù wo inú ihò náà, kí ẹ sì dorí kẹ̀kẹ́ kodò. Ìyẹ̀fun pupa díẹ̀ kò burú. Bó bá jẹ́ èèpá irin ló ń já bọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ látinú.

Wàyí o, ẹ kúnlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́. Ẹ fi ìka sábẹ́ páìpù tó ti ọrùn kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá síbi pẹ́dàlì, lẹ́yìn ọrùn náà gan-an, kí ẹ rọra fi ìka wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Ojú lè má rí nǹkan kan, ìka á rí i. Bí irin bá ká jọ níbẹ̀ bí aṣọ tí a kò lọ̀, tàbí tí ọ̀dà bá sán yí i ká, kẹ̀kẹ́ yẹn ti forí sọ nǹkan rí. Ẹ tún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ wo fọ́ọ̀kì bóyá ó ti yẹ̀ sẹ́yìn. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ pàápàá, ẹ má gbà á. Níbi tí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tẹ̀yin tẹrù, ni ọrùn náà ti máa ń já.

Ẹ dá kẹ̀kẹ́ sí àárín ẹsẹ̀ yín pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó yẹ kí àyè ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lókè páìpù. Ẹ wọn láti àárín ibi tí pẹ́dàlì ti ń yí dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà: sẹ̀ǹtímítà 43 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dára, kí gìgísẹ̀ yín má baà máa gbá báàgì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wa pẹ́dàlì. Ihò tí wọ́n ń de kárià mọ́ ní ìsàlẹ̀ férémù lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ lásán, ẹ wò ó bóyá ojú rẹ̀ ṣì gba ìdè.

Ẹsẹ̀ 26 ni ẹ ó bá lára àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, ìwọ̀n tí àwọn tó ń ta túbù ní ìlú kéékèèké mọ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ẹ ka ara táyà: 559 ni ẹ ń wá, irú bíi 50-559. Táyà tí wọ́n kọ 26 × 1.95 sí lára á wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n kọ 26 × 1⅜ sí lára kò ní wọ̀ ọ́ láé, bí ẹni tó ń tà á tiẹ̀ búra. Ẹ fi èékánná wọ́ ẹ̀gbẹ́ ríìmù níbi tí rọ́bà bíréèkì ti ń mú un. Bó bá ti jìn wọnú, ríìmù ti tán. Lẹ́yìn, níbi tí ẹrù máa jókòó sí, sípóòkù 36 ló wù mí ju 32 lọ.

Jíà tó ń fò, ṣéènì tó ti gbó, ìjókòó tó ya, wáyà tó dípẹtà: ìwọ̀nyí ni kí ẹ fi ná ọjà wálẹ̀. Gbogbo wọn ló ṣeé pààrọ̀, nítorí náà ìdajì owó yín ni kí ẹ fi ra kẹ̀kẹ́, kí ìdajì kejì wà fún táyà, ṣéènì, wáyà, rọ́bà bíréèkì àti gíríìsì. Kí ẹ sì gba rìsíìtì tí nọ́ńbà abẹ́ férémù wà nínú rẹ̀, torí ojú ibodè.

Ẹnìkan á ní irin náà máa ń kán. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń kán. Heinz Stücke, ará Jámánì, gun kẹ̀kẹ́ onírin tí jíà rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ kúrò nílé ní 1962, ó rìn ju 600,000 kìlómítà lọ, wọ́n sì jó férémù náà fún un lójú ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Wẹ́dà wà ní Ọ̀yọ́, ó wà ní Sábẹ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé gáàsì àti bíráàsì ni kó fi jó o. Páìpù Cr-Mo dáadáa kì í tó mílímítà kan ní nínípọn láàárín, iná mànàmáná á lu ú.

Tí ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ di kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 mọ́ kárià, kí ẹ gùn ún láti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ padà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì, ẹ fọwọ́ tẹ sípóòkù ẹ̀yìn ní méjì méjì. Èyí tó bá ti dẹ̀, ẹ fún un, kí ẹ tó di ẹrù gidi.