Kọ̀ǹpútà tí Ó Kọ̀ Láti Gba Ètò Tuntun

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, kọ̀ǹpútà ilé wa ní Ìkòrò-Èkìtì fún wa ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko. A rò pé ó tọ́ kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú wa ni yóò bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pàdé ní ilé-ìwé tí a ó bá rán wa lọ.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ó sì ti gbó. Windows 10 ni ètò tí ó ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ́kítóbà ọdún 2025 ni àwọn tí ó ni ètò náà dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ènìyàn dúró, Windows 11 kò sì gba ẹ̀rọ àtijọ́ bí irú tiwa. Nítorí náà a pinnu láti fi Debian sí i, ọ̀kan nínú ìdílé Linux. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ni Linus Torvalds ní Yunifásítì Helsinki nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni Debian, a kì í sanwó kí a tó lò ó.

Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà wúwo ni pé inú kọ̀ǹpútà yìí ni ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí bàbá wa jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ wà. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, owó olówó ni ó wà níbẹ̀ o. Bí ó bá sọnù, kí ni n ó wí fún wọn?” Nítorí èyí, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ṣe àdàkọ gbogbo fáìlì náà sí orí filáàṣì méjì, a sì ṣí wọn wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ rárá.

Nígbà tí a fẹ́ gba Debian láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà kọ̀ láti ṣí ojú-ewé náà. A bú nẹ́tíwọ̀kì, nítorí ilẹ̀ olókè ni tiwa, ó sì ti mọ́ wa lára láti máa bú u. A lọ sí Ìjerò, a fi kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ wa kan gbà á. A tún fi àmì 64 tí àwọn oníṣẹ́ Debian kọ sílẹ̀ fún fáìlì náà wé èyí tí kọ̀ǹpútà ṣírò láti inú tiwa. Ẹyọ kan kò yàtọ̀. Fáìlì náà kò lẹ́bi.

Bí kọ̀ǹpútà bá jí, inú díìsìkì ara rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó wo filáàṣì ṣáájú gbọ́dọ̀ wọ inú BIOS lọ yí i padà. A yí i padà, iná mànàmáná lọ. Nígbà tí iná dé, Windows ni ó tún yọjú sí wa. Ìgbà mẹ́ta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. A pààrọ̀ filáàṣì, a pààrọ̀ ojú ihò tí a fi í sí, a tún fáìlì kọ sí i, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe wa nìyẹn, nítorí pé bí ó tilẹ̀ ṣiṣẹ́, a kì bá tí mọ èyí tí ó tún un ṣe.

Àbúrò wa obìnrin ni ó wo igun ojú kọ̀ǹpútà tí ó sì béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ó ń sọ pé ọdún 2009 ni a wà?”

Ibẹ̀ ni ojú wa là. Bátìrì róbótó kan ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà, CR2032 ni orúkọ rẹ̀, fólítì 3 ni agbára rẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20. Òun ni í mú kí aago máa lọ, tí í sì í pa ohun tí a yàn nínú BIOS mọ́ nígbà tí iná kò bá sí. Bí iná bá ń bẹ nígbà gbogbo, bátìrì náà lè kú kí ẹnikẹ́ni má mọ̀; ní ọ̀dọ̀ tiwa, ojoojúmọ́ ni àṣírí rẹ̀ ń tú. Òun náà ni ó dí wa lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ojú-ewé a máa ní ìwé ẹ̀rí tí ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, kọ̀ǹpútà tí ó sì rò pé ọdún 2009 ni a wà yóò sọ pé ọjọ́ ìwé ẹ̀rí náà kò tí ì pé. Nẹ́tíwọ̀kì tí a bú kò ṣẹ̀ wá.

Ọwọ́ bàbá kan tí ń tún aago ṣe ní ọjà ni a ti rí bátìrì náà rà. A yọ okùn iná kúrò, a fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí mànàmáná ara wa má bàa ba ohun inú rẹ̀ jẹ́, a sì pààrọ̀ rẹ̀. A tún aago ṣe, a yan filáàṣì, a sì mọ̀ọ́mọ̀ pa iná. Nígbà tí a tàn án, ohun tí a yàn kò yẹ̀.

Ìyókù kò le. Nígbà tí ètò náà béèrè bóyá kí ó nu gbogbo díìsìkì náà, a kò dáhùn títí a fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, nítorí bí iná bá lọ láàárín ìgbà náà, ti àtijọ́ yóò ti parẹ́, tuntun kò sì tí ì dé. A yan Xfce nítorí pé kì í wọ ẹ̀rọ àgbà lọ́rùn. Inú wa dùn láti rí i pé bọ́tìnì ìkọ̀wé Yorùbá wà nínú rẹ̀, a kò sì ní láti máa wá ẹ àti ṣ kiri mọ́.

Bàbá wa ṣí ìwé ẹgbẹ́, wọ́n ka orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ṣe ìṣirò owó ọdún kan pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì ní ó pé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni ó kù tí kò tí ì dá kọ̀ǹpútà náà lóhùn.