Owó ẹyọ Èkó àti oríṣi vector tuntun nínú kọ̀ǹpáílà

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpáílà kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ògbufọ̀ ni kọ̀ǹpáílà: ó ń gba ohun tí èèyàn kọ, ó sì ń tú u sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Apá rẹ̀ tó kẹ́yìn ló mọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dunjú. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tòní wà.

Kí ni vector? Láàárín 1850 sí 1860, àwọn oníṣòwò Jámánì ń kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí èbúté Èkó. Ẹyọ 40 ni okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Ìdì bẹ́ẹ̀ ni vector: ohun kan náà tí a dì pọ̀, tí a mọ iye rẹ̀, tí a sì ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú LLVM, v4f32 ni nọ́ńbà oní-dẹ́símà mẹ́rin, bíìtì 32 ní ẹnì kọ̀ọ̀kan: 128 lápapọ̀.

Ní 2011, AVX ti Intel mú àyè bíìtì 256 dé. Kí kọ̀ǹpáílà tó lè lo v8f32 níbẹ̀, ohun mẹ́rin ni a óò sọ fún un:

1. Orúkọ: a fi í sínú àkójọ àwọn oríṣi dátà.
2. Ilé: register wo ni yóò máa gbé?
3. Iṣẹ́: fún ìròpọ̀, ìsọdipúpọ̀ àti ìyókù, ṣé ẹ̀rọ lè ṣe é bó ṣe wà, àbí a óò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àbí a óò kọ ọ̀nà tiwa?
4. Àdéhùn: bí iṣẹ́ kan bá fẹ́ fà á lé òmíràn lọ́wọ́, ibo ni yóò gbé e sí?

Bí ẹ̀rọ kò bá ní ilé tó tó o ńkọ́? Kọ̀ǹpáílà á pín v8f32 sí v4f32 méjì. Á fi àyè òfìfo kún v3f32 kó lè di v4f32. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: Yorùbá kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì léra, la ṣe fi fáwẹ̀lì há a kó tó di búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n nígbà tí street di títì, a ju ìró nù. Èdè lè jù nù. Kọ̀ǹpáílà kò gbọ́dọ̀ ju bíìtì kan.

Ìkẹrin ló léwu jù. Bí ìkẹta bá kù, kọ̀ǹpáílà á pariwo, á dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe fáìlì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan mọ AVX, tí èkejì kò mọ̀ ọ́n, ọ̀kan á fi odidi ìdì ránṣẹ́, èkejì á máa wá ìlàjì méjì. Ó dà bí aláàárù ní Ẹ̀bùtè Èrò tó sọ ẹrù sí ìsọ̀ kan nígbà tí ẹlẹ́rù ń dúró ní ìsọ̀ kejì. Kò sí ariwo. Èsì tí kò tọ̀nà ni yóò jáde, a ó sì gbà á gbọ́.

Ìdánwò: lórí ẹ̀rọ bíìtì 128 tí kò ní AVX, kí ni v16f32 yóò dà? Ẹ kà á bí ẹni ń ka ẹyọ: v4f32 mẹ́rin. Ẹ ṣí X86CallingConv.td nínú LLVM, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ àdéhùn náà sí. Gírámà ni, àwa la kọ́ bí a ṣe ń ka gírámà.