Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: Ẹ Bi Apòògùn Kí Ẹ Tó Dùbúlẹ̀ Sórí Ẹní

 

Ẹ ti gbọ́ ìtàn igbá Ọ̀sanyìn. Òun nìkan ló kó gbogbo ewé sínú igbá. Ọya fẹ́ atẹ́gùn, igbá já bọ́, ewé fọ́n ká, òrìṣà kọ̀ọ̀kan sì ṣa tirẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Ọ̀sanyìn ni wọ́n ṣì ń lọ. Ewé wà lọ́wọ́ wọn, ìmọ̀ ewé ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn inú ìgò rí. Gbogbo wa lè mú un dání, ṣùgbọ́n apòògùn tó wà ní fámásì ló mọ̀ ọ́n.

A fẹ́ sọ àṣìṣe tiwa, kí ẹ̀yin má baà ṣe é. Nígbà kan, a ń ṣe òrìṣà fún ọmọ ilé wa kan. Ọbàtálá ló ni orí rẹ̀. Ó ń lo lithium, oògùn tí dókítà máa ń fún ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dùn kọjá ààlà títí kò fi ní lè sùn, tí yóò tún wá rẹ̀wẹ̀sì títí kò fi ní lè dìde. Ó sọ fún wa. A ní kó máa lò ó, kò burú. A ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wà lórí ẹní. Oúnjẹ Ọbàtálá ló ń jẹ, kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Ooru mú, ó ń làágùn, omi tó ń mu kò tó. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹnì kan fún un ní ibuprofen. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́. A ní òrìṣà ló fẹ́ gùn ún. A tilẹ̀ ti ń kọrin!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tẹ fámásì láago. Apòògùn bi í pé: Ṣé ó ń jẹ iyọ̀? Ṣé ó ń mu omi? Kí ló lò fún ìrora? Ó wá ní, "Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn báyìí." Wọ́n gbé e lọ, ó sì yè. A dúpẹ́.

Kí ló fà á? Kíndìnrín ló ń gbé lithium jáde kúrò nínú ara. Bí iyọ̀ àti omi bá dín kù, kíndìnrín á dá a dúró. Ibuprofen náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń ṣe orí lóore á wá di májèlé.

Ewé náà lágbára. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Ní 1952, àwọn onímọ̀ yọ reserpine lára ìbátan rẹ̀ kan láti Íńdíà. Ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Ó ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè mú ọkàn ẹlòmíràn rẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, ẹ má pa àgbo àti oògùn pọ̀ láìbéèrè.

Ní Amẹ́ríkà níbí, òfin 1990, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993, ní kí apòògùn fi ìmọ̀ràn lọ ẹni tó ń fi Medicaid gba oògùn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti sọ ọ́ di ti gbogbo èèyàn. Ẹ má tijú.

Òfin ilé wa nìyí:

1. Kí èèyàn tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kó kọ gbogbo oògùn àti ewé tó ń lò sílẹ̀, kó bi apòògùn àti dókítà rẹ̀. Kó dárúkọ ààwẹ̀, iyọ̀ àti àgbo.
2. Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ó ti rúbọ. Àgbà kankan ò gbọdọ̀ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.
3. Bí èèwọ̀ iyọ̀ bá lè pa á lára, àgbà á dá obì, á bẹ Ọbàtálá. Ẹni tó mọ ara wa kò ní fẹ́ kó bàjẹ́.
4. Bí ẹnì kan bá ń ronú àtipa ara rẹ̀, ẹ tẹ 988 lójú ẹsẹ̀. Láti 2022 ni nọ́ńbà yìí ti wà, tọ̀sán tòru.

Ìbéèrè: Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní a kàn ń kọrin lọ? Ta ni Ọ̀sanyìn fámásì àdúgbò yín? Ẹ lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí.

Kí orí wa má bàjẹ́. Àṣẹ.